Dátà "Unlimited" Ló Mú Mi Mọ Àwọn RPG Àtijọ́

Kí n tó dárúkọ géèmù tí ẹ lè gbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tinú mi. Baldur's Gate 3 ni mo dìídì lọ rà. Larian, àwọn ará Belgium, ló ṣe é, ó jáde ní August 2023, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn RPG, ìyẹn géèmù tí ẹ ti máa ń di ẹnì kan nínú ìtàn, ló sì ń pariwo rẹ̀. Dọ́là 60 ni. Ẹ bá mi sọ dọ́là 60 di náírà lẹ́yìn June 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, ẹ máa rí i pé owó oúnjẹ ilé la ń sọ yìí. Mo san án, kò dùn mí. Owó tí wọn ò kọ sára ọjà ló dùn mí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, àti bí wọ́n ṣe ń fi káàdì sanwó, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí géèmù náà ti ní kí n wá àyè 150 GB sílẹ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ o. Mo ti ra SSD, ibi tí fáìlì ń wà, sínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi, mo sì ti ra dátà oṣù kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, èyí tí wọ́n kọ "unlimited" gàdàgbà sí lára. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ń wọlé wàrà-wàrà. Kó tó dé ìdajì, ó já wálẹ̀ gbì: mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá. Mo pa modem, mo tún un tàn. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Mo gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibì kan náà ló wà.

Mo pe kọsitọ́mà kéà. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ bá wa pa modem yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀." Mo ní mo ti pa á. Ó ní kí n tún un pa. Nígbà tí mo tún pè, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù ló wá là mí lójú: kò lópin lóòótọ́, sà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti lò ó kọjá ibì kan, a máa ń dín eré rẹ̀ kù, kí àwọn yòókù náà lè rí lò. Ó wà nínú àdéhùn, sà. Níbo nínú àdéhùn? Nísàlẹ̀ pátápátá, sà.

Ẹ wá wo ìṣirò ibẹ̀. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka eré íntánẹ́ẹ̀tì, báìtì ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n géèmù, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Bó bá ku 100 GB, tí eré ò kọjá mẹ́gábíìtì 1, ó lé ní ọjọ́ 9, tọ̀sán-tòru, kó tó wọlé tán. Ìyẹn bí NẸ́PÀ ò bá mú iná lọ, ẹ̀yin náà sì mọ NẸ́PÀ. Mi ò fẹ́ rántí iye epo tí mo rà kí modem má bàa kú. Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó mi bi mí pé, "Olówó orí mi, ṣé géèmù lẹ tan jẹ́n fún?" Mi ò dá a lóhùn.

Ó wọlé tán, update dé. Àwọn fáìlì géèmù yìí tóbi. Bí wọ́n bá tún nǹkan kékeré ṣe nínú ọ̀kan, Steam lè tún gbogbo fáìlì náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ni update tí ò tó nǹkan bá ní SSD mi ti kún. Mo kó fọ́tò ìgbéyàwó wa lọ sórí fúláàṣì.

Àmọ́ láàárín gbogbo ìdúró yìí, mo ti já sórí GOG, ọjà géèmù mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í ti géèmù mọ́ ẹni lọ́wọ́ níbẹ̀: ẹ máa gba fáìlì rẹ̀, ẹ lè kó o sórí fúláàṣì, kí ẹ sì fi í sórí kọ̀ǹpútà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí rárá. Àwọn ògbólógbòó RPG kúnbẹ̀. Nígbà tí Baldur's Gate àkọ́kọ́ jáde ní 1998, CD 5 ló gbà, ìyẹn ò tó 4 GB. Planescape: Torment ti 1999 gba CD 4. Fallout ti 1997, ẹyọ kan.

Torment ni mo máa fi ṣíwájú, ẹ má bá mi jiyàn. Ọkùnrin kan jí lórí pátákó ní ilé òkú, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, àpá bo gbogbo ara rẹ̀, agbárí kan tó ń fò kiri ló ń bá a ka ohun tí wọ́n fín sí i lẹ́yìn. Ó ti kú, ó ti jí, àìmọye ìgbà. Àwa tí wọ́n fi ìtàn àkúdàáyà tọ́ dàgbà, ṣé ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún wa? Ìjà inú rẹ̀ ò dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lẹ máa jẹ. Tẹ́ ẹ bá ń pín agbára ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kó o sórí Wisdom, òun ló ń mú un rántí àwọn ayé tó ti lò kọjá.

Ní ti Fallout, ẹ̀rọ tó ń fọ omi ní Vault 13, ibùgbé abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń gbé, bàjẹ́, wọ́n fún yín ní ọjọ́ 150 kí ẹ lọ wá òmíràn. Ẹni tí pọ́ńpù bọ́ọ̀hóò ti bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí máa mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Tẹ́ ẹ bá dín Intelligence ẹni tí ẹ ń fi gbá géèmù kù sí 3, kò ní lè sọ gbólóhùn kan já gaara, àwọn èèyàn á sì máa bá a lò bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Baldur's Gate àkọ́kọ́ le. Níwájú ilé àlejò kan tó ń jẹ́ Friendly Arm Inn, oṣó kan tó ń jẹ́ Tarnesh ti ń dúró dè yín. Ó pa mí, ó tún mi pa, títí mo fi mọ̀ pé spacebar ló ń dá gbogbo nǹkan dúró, kí n lè pín iṣẹ́ fún oníkálukú, kí n ní kí Imoen, ọmọbìnrin tó ń bá mi rìn, ta á lọ́fà kí ọfọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tó ṣubú, mo ké débi pé aládùúgbò wa bèèrè ẹni tó gbá góòlù wọlé.

Ẹni tí dátà rẹ̀ kéré jù, kó lọ mú Undertale ti 2015. Kò tó 1 GB, ẹ sì lè gbá a parí láì pa ẹnì kankan. Disco Elysium ti 2019, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Estonia, fẹ́ àyè 20 GB, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tó mutí yó ni yín, ọpọlọ yín pín sí ohùn 24 tó ń bára wọn jà. Tẹ́ ẹ bá jí ní òtẹ́ẹ̀lì tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré tan iná. Ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ ò le lè dá dúró níbẹ̀ kí ẹ tó wọ ṣòkòtò.

Ṣé Baldur's Gate 3 wá dáa? Ó dáa gan-an. Àmọ́ láti 2023, Steam ti lè da géèmù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí Wi-Fi kan náà, láì jẹ dátà. Kí ẹ ra tiyín, kí ẹ wá ọ̀rẹ́ tó ti ní in nílé, kí ẹ fi ara yín ṣe ọ̀rẹ́ lórí Steam, kí òun náà gbà á láyè nínú settings rẹ̀, kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá a. Ẹ mú extension dání, kí ẹ sì fún un lówó epo.