Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Iná Di Òfò Ẹ̀mí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí gbogbo nǹkan gbẹ, ariwo iná kì í jìnnà sí ìlú. Ahọ́n iná tó ń jó làlà ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, a kì í ka ohun tí ojú ò rí sí: afẹ́fẹ́ epo, gáàsì, àti èéfín tó ń ká ènìyàn mọ́ ojú oorun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wa wà.

Èyí tó dùn mí jù ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù nínú yàrá. Kí epo ṣáà ti wọ́n, láti Sábó dé Under-G, a ti rọ ọ́ pamọ́, a ti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a ní ìdérí rẹ̀ le. Bẹntiróòlù ò dúró de ìgbà tí nǹkan bá gbóná. Kódà nínú òtútù tí omi fi ń di yìnyín, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ tó láti gbiná. Ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà mọ́. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí aládùúgbò ti ń se ọbẹ̀, iná á sì tọ ọ̀nà kan náà padà wá bá kẹ́ẹ̀gì. Obìnrin tó ń se ọbẹ̀ yẹn ò mọ̀ pé epo wà nínú yàrá rẹ. Má gbé bẹntiróòlù sùn.

Àbúrò ọ̀ràn yẹn ni bíbu epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó fẹ́ pa á. Orí ìgò oníke tí wọ́n gé ni wọ́n fi ṣe àrọ, ẹnìkan ń fi fóònù tanná, epo kún, ó dà sí sàlẹ́ńsà tó ti gbóná janjan. Ó tán. Pa á, jẹ́ kó tutù, kí o tó ṣí ojú táǹkì. Kí jẹnẹrétọ̀ má sì sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun láìsí iná rárá.

Kẹrosíìnì tí wọ́n bu bẹntiróòlù là náà ń ṣọṣẹ́. Má ra èyí tí owó rẹ̀ kéré ju ti ọjà lọ, má sì bu epo sí àtùpà tó ń jó.

Ní ti gáàsì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn burúkú sí i ni, torí òun fúnra rẹ̀ ò lóòórùn. Bí o bá gbóòórùn rẹ̀ lóru, má tan iná láti wò ó, má sì pa èyí tó ń tàn. Ẹ̀ta iná kékeré inú súwíìsì ti tó o. Ti orí sìlíńdà, ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kó àwọn ọmọ jáde. Fófó ọṣẹ la fi ń wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ìṣáná.

Tánkà ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin tọ̀sán tòru. Bí ọ̀kan bá ṣubú, má gbé garawa. Ní Majiya, Ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó lé ní 140 ènìyàn tó kú nídìí tánkà tó dànù, ọ̀pọ̀ wọn ló lọ gbọ́n epo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún gbọ́n ní Dikko, Ìpínlẹ̀ Niger. Ó lé ní 80 tó bá a lọ. Kójú má rìíbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀.

Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, yọ áyọ́ọ̀nù kí o tó jáde nílé. Bí òróró bá gbiná nínú ìkòkò, má da omi sí i, yóò fọ́n ká ni. Pa sítóòfù, fi ìdérí bò ó.

Bí iná bá ti wá mú ilé, èéfín ló ń kọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òkè ló ń lọ, torí náà rá pálá nílẹ̀ jáde. Irin tí a fi dí fèrèsé torí olè kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lè sá. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ṣeé ṣí, kí gbogbo ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Má padà wọlé torí sẹtífíkéètì tàbí owó. Ẹ pe 112 kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fídíò.

Ẹni tí iná bá jó, ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Àwọn ìyá wa ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n ó ń há ooru mọ́ ara, ó sì ń ba ojú egbò jẹ́. Ẹ da omi tútù lásán sí i fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ibẹ̀ tó wú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen lọ́jọ́ yẹn gan-an.