Ìwé OEC: bí olùtọ́jú ará Philippines ṣe ń gba àṣẹ ìjáde kó tó lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá ará Philippines pín ṣíìfù rí. Ẹ ó sì ti kíyè sí i pé bí ìgbà lífù bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan ni kì í kúrò lẹ́nu wọn: OEC. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti ní físà àti tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ti parí tirẹ̀, ó ku kó gbé àpótí. Ti àwọn ará Philippines kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tí wọ́n ń lọ lè ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, kí ìlú tiwọn ṣì ní wọn ò lọ síbì kankan.

Overseas Employment Certificate ni ìwé náà ń jẹ́. Òun ni ìjọba Philippines fi ń jẹ́rìí pé àwọn mọ ẹni tó gba ọmọ àwọn síṣẹ́, àwọn sì ti ka àdéhùn tó wà láàárín wọn. Department of Migrant Workers, DMW, ló ń fún wọn. Òfin 11641 ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní òpin ọdún 2021. Àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ POEA ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà inú wọn ò sì tíì jáwọ́ nínú orúkọ yẹn. Ìdí tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1995, Singapore yẹgi fún Flor Contemplacion, obìnrin ará Philippines tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Inú bí àwọn èèyàn Manila, olú ìlú Philippines, débi pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìjọba ti fọwọ́ sí òfin 8042, tó sọ ààbò òṣìṣẹ́ tó wà lókè òkun di ẹrù ìjọba. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2010. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Ọ̀nà wo ni iṣẹ́ náà gbà wá?

Ìbéèrè yìí ló ń pinnu ìwé tí wọ́n máa béèrè. Àwọn kan gba ọ̀dọ̀ ajẹ́ńsì. Àwọn kan gba ọwọ́ ìjọba sí ìjọba, bíi ti Israel: lábẹ́ àdéhùn tí ìlú méjèèjì ṣe ní 2018, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ṣa àwọn olùtọ́jú tó ń lọ sílé àwọn arúgbó ibẹ̀, kí alágbàtà má baà máa rí owó gọbọi gbà lọ́wọ́ wọn mọ́. Àwọn mìíràn, ọ̀gá kan ló rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ẹbí ló bá wọn wá iṣẹ́ náà. Direct hire ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn tó kẹ́yìn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, ìsinmi lásán ni wọ́n wá ṣe nílé. Balik-Manggagawa lorúkọ tiwọn, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń padà.

Bó bá jẹ́ ajẹ́ńsì

Kí olùtọ́jú tó yọ kọ́bọ̀ lápò, ó yẹ kó wo nǹkan méjì lórí ìkànnì DMW. Àkọ́kọ́, ṣé ìwé àṣẹ ajẹ́ńsì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Ìkejì, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó wà lára àwọn job order, ìyẹn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, tí DMW ti fọwọ́ sí? Ìkejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ajẹ́ńsì lè ní ìwé àṣẹ gidi kó má sì ní iṣẹ́ kankan nílẹ̀. Èyí tó bá ní ká pàdé nílé oúnjẹ dípò ọ́fíìsì tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Owó tí ajẹ́ńsì lè gbà fún wíwá iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju owó oṣù kan lọ, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí àdéhùn ni wọ́n tó lè gbà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ já rìsíìtì. Ẹni tó ń lọ ṣe domestic worker, ìyẹn ọmọ ọ̀dọ̀, kò gbọ́dọ̀ san án rárá. Ibí yìí lorúkọ iṣẹ́ ti di nǹkan ńlá. Ìyá arúgbó kan náà ni caregiver, ìyẹn olùtọ́jú, àti domestic worker lè máa tọ́jú nínú ilé kan náà, ṣùgbọ́n lójú ìwé, iṣẹ́ méjì ni. Ìwé ẹ̀rí Caregiving NC II ti TESDA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ni ti èkíní, Domestic Work NC II ni ti èkejì. Ohun tó wà nínú àdéhùn, inú físà àti inú ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa dá a dúró sí.

Àwọn ìwé yòókù kò le: páàsìpọ́ọ̀tù tó ṣì ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ìwé ọjọ́ ìbí láti PSA, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí, ìwé láti NBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, tó fi hàn pé kò lẹ́jọ́ lọ́rùn, àti àyẹ̀wò ara ní kíníìkì tí iléeṣẹ́ ìlera fọwọ́ sí. Àyẹ̀wò yìí kì í pẹ́ gbó, nítorí náà kó má ṣe sáré lọ ṣe é nígbà tí àdéhùn ò tíì jáde. Owó ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san.

Lẹ́yìn náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì. PEOS wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn lè jókòó sílé ṣe é. Ẹni tó bá gbowó rẹ̀, olè ni. PDOS ni tẹni tí ìrìn-àjò rẹ̀ ti sún mọ́lé. OWWA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn òṣìṣẹ́ òkè òkun, ló ń bójú tó o. Àwọn domestic worker ní tiwọn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń kọ́ èdè àti ìṣe ìlú tí wọ́n ń lọ níbẹ̀.

Àdéhùn ni ọkàn gbogbo rẹ̀

Bí mo bá ní kí ẹ rántí ohun kan ṣoṣo, èyí ni. OEC kì í ṣe ìwé pápákọ̀ òfuurufú. Àdéhùn tí wọ́n ti yẹ̀ wò ló ń bí i. Philippines ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní Migrant Workers Office, MWO, ní àwọn ìlú tí òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àdéhùn ń lọ, ní ìlú tí agbanisíṣẹ́ wà. Wọ́n á wò ó: èló lowó oṣù, wákàtí mélòó ni iṣẹ́ lóòjọ́, ọjọ́ wo ni ìsinmi, ta ló ń bọ́ ọ, ta ló ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀, ta ni yóò gbé e padà sílé bí àìsàn tàbí ikú bá dé. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á lu òǹtẹ̀.

Kí olùtọ́jú náà ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lọ́wọ́. Ọgbọ́n àwọn oníjìbìtì ni pé wọ́n á fi àdéhùn dáadáa kan han MWO, wọ́n á wá gbé òmíràn tí owó rẹ̀ kéré kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin 8042. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà gbọ́ bí kò bá sí ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ajẹ́ńsì tún gbọ́dọ̀ ra ìbánigbófò fún un láti inú àpò ara wọn: dọ́là 15,000 fún ẹbí bí jàǹbá bá pa á, 10,000 bí ó bá kú ikú àtọ̀runwá, 7,500 bí ó bá yarọ pátápátá. Owó ẹgbẹ́ OWWA jẹ́ dọ́là 25 fún àdéhùn kan. Bí gbogbo èyí bá ti wà nínú fáìlì, ajẹ́ńsì á gbé e lọ fún DMW, OEC á jáde.

Ọjọ́ 60 ló ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè fi jáde. Ẹni tí wọ́n sún ọkọ̀ rẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ní àǹfààní tirẹ̀: ẹni tó mú un dání kì í san owó orí ìrìn-àjò, tó jẹ́ peso 1,620 fún ìjókòó lásán, kì í sì í san owó pápákọ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn lè fò gbogbo èyí kí àwọn sì jáde bí arìnrìn-àjò afẹ́. Àwọn imigiréṣọ̀n Manila ti rí wọn rí. Wọ́n á béèrè hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á béèrè owó, wọ́n á béèrè ẹni tó san tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ìdáhùn bá sì ta kókó, wọ́n á dá a padà sílé. "Offload" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Bí ọ̀gá bá gbà á fúnra rẹ̀

Abala 18 nínú òfin iṣẹ́ wọn ti ọdún 1974 sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ará Philippines sí iṣẹ́ òkè òkun láìgba ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjọba yàn. Òfin yọ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, àwọn àjọ àgbáyé àti àwọn mìíràn tí mínísítà bá gbà láyè sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìdílé kan ní Kánádà gbà tààrà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ìyọ̀ǹda yìí. Ìpele méjì ni. Nínú èkíní, DMW á wo páàsìpọ́ọ̀tù, físà, àdéhùn tí MWO ti yẹ̀ wò, àti ìwé nípa agbanisíṣẹ́. Wọ́n á tún ní kó kọ ọ̀rọ̀ níwájú nọ́tárì nípa bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí àjọ alágbàtà má baà fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, ìpele kejì ni PEOS, PDOS, àyẹ̀wò ara, ìbánigbófò àti OWWA. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọ̀gá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ìpele kìíní tó parí.

Ẹni tó wá ṣe ìsinmi

Èyí tó rọrùn jù nìyí, òun náà ló sì ń ká àwọn èèyàn mọ́ jù. Bí ó bá ń padà sọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà, níbi iṣẹ́ kan náà, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ DMW, á wọlé sórí ìkànnì wọn, wọ́n á fún un ní ìwé pé kò nílò OEC tuntun. Kì í gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò ní kíà hóòmù kan bọ́ sí òmíràn láàárín ọdún, ẹni tuntun ló jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà wọn. Àdéhùn tuntun yẹn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ MWO kọjá. Bí kò bá rántí àfìgbà tó dé Manila, lífù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á tán sẹ́nu pé ó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń dúró de èsì. MWO wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kó gbé àdéhùn náà lọ síbẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.