Bí mo ṣe tún ojú ìwé tò fún ọmọ mi tí ẹyinjú rẹ̀ kì í yí sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ocular motor apraxia ni dókítà pe ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Bí nǹkan bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ á bá a wẹ́rẹ́. Àmọ́ bó bá wà lápá ọ̀tún tàbí òsì, ẹyinjú kì í gbéra. Ojú rẹ̀ kò fọ́, iṣan ojú kò sì rọ: àṣẹ tó yẹ kí ọpọlọ pa fún ẹyinjú pé kó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kì í jáde bó ṣe yẹ. David Cogan, dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, ló ṣàpèjúwe àìsàn yìí lọ́dún 1952. Kò sí oògùn tó ń wò ó, awò ojú kò sì lè tún un ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rọjú fún ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà. Nígbà tó tó àkókò ìwé kíkà, mo fi ti ojú sílẹ̀, mo dojú kọ ìwé.

Kí n tó fọwọ́ kan ìwé rárá, orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ jókòó wò. Mo gbé ohun ìṣeré kan sápá ọ̀tún rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó sì ju orí sọ́tùn-ún lójijì. Bí orí ṣe ń lọ sọ́tùn-ún ni ẹyinjú ń padà sósì. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo wa rí: bí orí bá yí, ẹyinjú a yí síbi òdì, kí ohun tí à ń wò má bàa sá mọ́ wa lójú. Àwa lè mú kí ẹyinjú fò padà síbi tí à ń lọ. Òun kò lè ṣe é. Ó ní láti gbé orí kọjá ohun ìṣeré náà títí ẹyinjú tó há sí igun ojú yóò fi bá a. Ó bá a tán, ó wá ń rọra dá orí padà, ojú kò sì kúrò lára ohun ìṣeré. Ẹ wá ro ti ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lórí ìlà kan ṣoṣo!

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé, "Gbé orí ẹ sójú kan." Ẹni tó bá di orí yẹn mú ti dì í lójú.

Sókè-sódò tí ẹyinjú rẹ̀ ń rìn dáadáa ni mo gbé iṣẹ́ gbà. Mo tún ìtàn kan tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: lẹ́tà ńlá, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí ìlà, àyè sì fẹ̀ láàárín ìlà. Ọ̀rọ̀ tó bára lọ ni mo ń kó pọ̀, "ajá náà" lórí ìlà kan, "sáré jáde" lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtàn wá ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi òrùlé, ojú sì ń bá a lọ.

Ìwé ilé ìwé kò ṣeé tún tẹ̀ tán. Fún ìyẹn, mo mú páálí dúdú tí kò dán, mo fi abẹ gé fèrèsé tóóró sí i láàárín, tó ga tó ìlà kan, tó sì gba ọ̀rọ̀ méjì. Páálí ń dúró lójú kan níwájú rẹ̀. Ìwé ló ń fà sósì lábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè máa wá bá ojú. Bí ìlà bá parí, á ti ìwé padà sọ́tùn-ún, á sì gbé e sókè díẹ̀. Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà, nítorí ìlà máa ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo wá fi àmì pupa sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan, búlúù sí èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Àwọ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá òun ti fo ìlà.

Mo bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí ọmọ mi jókòó sí àárín gbùngbùn, kó dojú kọ pátákó, kí wọ́n sì fún un láyè sí i nígbà ìdánwò.

Ìwé ìṣirò ló kù. Tábìlì tó fẹ̀ la ojú ewé kọjá kò gba inú fèrèsé páálí, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń tún wọn kọ, kí nọ́ńbà tó tò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè tò wálẹ̀.