Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Fi Boogie Board Gun Ìgbì ní Manuel Antonio

Ní Manuel Antonio, létí òkun Pàsífíìkì ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, ibi tí igi igbó parí sí ni iyanrìn òkun ti bẹ̀rẹ̀. A ti rìn nínú ẹrẹ̀ igbó títí, a ń gbójú sókè wá ẹranko sloth lórí ẹ̀ka, àwọn ọ̀bọ olójú funfun ń fò lókè orí wa. Nígbà tí ìrìn àjò náà ń parí lọ, mo ní òkun ló kàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti kọ́ boogie board, pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun.

Pátákó yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dìde dúró lé lórí. Àyà àti ikùn la fi ń sùn lé e. Tom Morey ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Hawaii lọ́dún 1971: ó gé fóòmù, ó tẹ́ ìwé ìròyìn lé e, ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Nítorí pé fóòmù ni, ó fúyẹ́, ó sì rọ̀. Ó dá mi lójú pé òun ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ òkun kọ́kọ́ dì mú.

Etíkun Espadilla ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yá wa ní pátákó gbé e nàró níwájú mi. Ó ní kí orí rẹ̀ dé ìdodo mi. Ó so okùn rẹ̀ mọ́ apá mi lókè ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní ká dúró ká kàn máa wo omi. Ara mi ti ń yá gágá, àmọ́ ẹ̀kọ́ tí mo mọrírì jù lọ nìyí. Ó nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, ó wá nawọ́ sí àlàfo kan láàárín tí omi ti dà bíi pé ó rọra sùn. Ojú ẹni tí kò mọ òkun á rí ibẹ̀ bí ibi tó rọrùn jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lomi ti ń padà sínú agbami, tó sì ń fa èèyàn lọ. Bó bá mú èèyàn, kò gbọ́dọ̀ bá a jìjàkadì. Kó di pátákó rẹ̀ mú, torí kì í rì, kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí yóò fi bọ́ nínú ìṣàn náà, lẹ́yìn náà kó bá ìgbì padà wálé.

Bí a ṣe ń wọlé, à ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni, a kì í gbé e. Ẹja pẹlẹbẹ kan tó ní ẹ̀gún olóró nírù máa ń sá pamọ́ sábẹ́ iyanrìn. Bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á sá. Bí ìgbì bá ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ara la ń gbé pátákó sí. Ẹni tó bá gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti ìgbì, omi á fi gbá a láyà.

Nígbà tí omi dé ìbàdí mi, mo kọjú sí iyanrìn, mo ń bojú wẹ̀yìn. Ìgbì tó ti fọ́ tán, tó ń hó bọ̀, ni mo ń retí. Bó ṣe kù díẹ̀ kó kàn mí, mo ju ara mi síwájú, mo di orí pátákó mú, mo ń fẹsẹ̀ gbá omi. Àwọn ìgbì àkọ́kọ́ gba abẹ́ mi kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ké láti ẹ̀yìn pé kí n tètè gbéra, kí n sún síwájú díẹ̀ sí i. Ìwọ̀n ara ni gbogbo rẹ̀: bó bá pọ̀ jù síwájú, orí pátákó á rì, bó bá pọ̀ jù sẹ́yìn, ìgbì á fini sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gbé mi. Mo mọ̀ ọ́n lára kí n tó mọ̀ ọ́n lọ́kàn: omi tì mí látẹ̀yìn ẹsẹ̀, pátákó dẹ́kun jíjó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ geerege. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ń wo etíkun bó ṣe ń sáré bọ̀ wá bá mi. Mo kígbe ayọ̀ títí ikùn mi fi kan iyanrìn, mo dìde, mo sáré padà sínú omi. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà: ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ni mo ń tẹ̀ bí mo bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ìbàdí á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ máa ń kánjú lọ síbi tí ìgbì ò tíì fọ́. N kò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀. Kó sì wọ ẹ̀wù tó fún mọ́ra, torí iyanrìn àti fóòmù máa ń ha ikùn.

Òjò dé lọ́sàn-án. Igi manzanillo wà létíkun Manuel Antonio, oje rẹ̀ sì máa ń jó awọ ara. Omi òjò tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ pàápàá léwu. Torí náà, a ò sá sábẹ́ igi. A gbé pátákó lérí, a gba inú òjò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní bí mo bá tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ wa tó gbéra, òun á fi bí wọ́n ṣe ń rì gba abẹ́ ìgbì kọjá hàn mí.