Bí Mo Ṣe Ya Àwòrán Ìlù Etí Ọmọ Ọdún Méjì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà ti ń fa etí ọ̀tún rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná, àmọ́ ìyá rẹ̀ ní tí òun bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo dì mú.

Mo ní kí ìyá gbé e lé itan, kí ó gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà. Mo kọ́kọ́ tan iná kámẹ́rà kékeré tí a fi ń wo inú etí sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Etí òsì, tí kò yọ ọ́ lẹ́nu, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wò, kí n lè mọ bí etí tirẹ̀ ṣe ń rí. Mo fa etí náà sẹ́yìn, mo rọra fà á wálẹ̀. (Ti àgbà, òkè la máa ń fà á sí.) Ìlù etí òsì, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ìparí ihò etí, rí bí eérú, ó mọ́lẹ̀, iná sì ń dán lára rẹ̀.

Ìdọ̀tí bo ìdajì ti ọ̀tún. Àwòrán àkọ́kọ́ kò wúlò rárá. Mo rọra kó ìdọ̀tí náà kúrò, ọmọ bú sẹ́kún, ìlù etí sì pọ́n. Ibí ni àṣìṣe ti máa ń wáyé: ẹkún nìkan tó láti mú un pọ́n, wọ́n á sì fún ọmọ ní oògùn apakòkòrò lásán. Ó máa ń dùn mí. Mo dúró títí ó fi dákẹ́, mo tún un yà. Ìlù náà kò wú síta. Ó fà wọnú, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti oyin, ìfófòó afẹ́fẹ́ mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwòrán tó dúró sójú kan kò lè fi hàn bóyá ìlù etí ń mì, nítorí náà fídíò ni mo ká nígbà tí mo fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i. Ti òsì mì, ti ọ̀tún kò mì. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ wọn ìlù etí náà ya ìlà: ti òsì yọ bí òkè, ti ọ̀tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Ihò tàbí ìdọ̀tí náà lè mú kí ìlà tẹ́, nítorí náà mo padà sórí àwòrán: kò sí ihò lára ìlù náà, ìdọ̀tí kò sì dí ọ̀nà mọ́. Omi ló wà ní etí àárín, lẹ́yìn ìlù náà.

“Dókítà, ṣé kò yẹ kí ẹ ya síkáànù orí ẹ̀?”

“Rárá, mà.” Mo ṣàlàyé pé síkáànù CT ní ìtànṣán, pé a fi í pamọ́ fún ìgbà tí egungun ẹ̀yìn etí bá wú, tàbí tí a bá fura sí ohun tó ń jẹ egungun nínú. Ọ̀nà tó so etí ọmọdé mọ́ ẹ̀yìn imú kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja, ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń há síbẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbẹ láàárín oṣù 3. Mo ní kí wọ́n padà wá nígbà náà. Bí omi bá ṣì wà, a ó yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n dé, mo gbé àwòrán tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ìfófòó ti lọ. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́, ìlù etí ọ̀tún sì mì.