Mo Fọ́ Ìkòkò Mẹ́ta Kí N Tó Rántí Ajere

Owó tí mo ná lórí òdòdó kan ṣoṣo lé ní ₦15,000, bẹ́ẹ̀ ₦6,000 ni mo ra òdòdó ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ìyókù bá ìkòkò tó fọ́ lọ, ó bá owó ọ̀kadà lọ, ó bá iyẹ̀pẹ̀ tí mo rà tí mo tún dà nù lọ. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí. Ká ní ẹni tó tà á fún mi bi mí léèrè ibi tí mo fẹ́ gbé e sí ni, ká ní èmi náà sì ti rántí ohun tó wà nílé ìdáná ìyá mi, ìdajì owó yẹn ni ǹ bá ná.

Òdòdó tí mò ń sọ ni Epiphyllum. Queen of the Night ni àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ń pè é. Ẹbí cactus ni, àmọ́ kò ní ẹ̀gún tó ń gúnni, kì í sì í ṣe ara aṣálẹ̀. Igbó Mẹ́síkò àti Guatemala ló ti wá, orí igi ló sì ń gbé níbẹ̀. Á há gbòǹgbò rẹ̀ sí àárín ẹ̀ka, níbi tí ewé jíjẹrà bá kóra jọ sí. Òjò á rọ̀ sí i, omi á ṣàn kọjá lọ. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ewé rẹ̀ kì í ṣe ewé, igi rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ á máa ya wọnú bí eyín ayùn tó ti kú, ibi tó ya yẹn ni òdòdó ti ń yọ. Funfun báláú ni, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Alẹ́ ló ń là, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti rọ. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí nílé ọ̀gá mi àtijọ́ kan ní Ọ̀fà, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá a.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mo rí i rà. Ewé mẹ́sàn-án ló ní, ó wà nínú ọ̀rá dúdú tó kún fún ilẹ̀ pupa, irú èyí tó ń le bí bíríkì tó bá gbẹ. Ilẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ̀rù. Mo gbé e sí fàràǹdà, mò ń bomi rin ín, ó sì ń dàgbà. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹni tó ń gbé Ìlọrin mọ bí ọyẹ́ wa ṣe ń rí. Ètè á là, ilẹ̀kùn tó ti ń há látìgbà òjò á máa já geere, aṣọ tí èèyàn sá láàárọ̀ á ti gbẹ kí ó tó jẹun tán. Òtútù á mú wa dé nǹkan bí aago mẹ́jọ, lẹ́yìn náà oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé òdòdó mi tínrín, ó hunjọ, etí rẹ̀ pọ́n. Apá tó kọjú sí oòrùn yọ àbàwọ́n funfun bí ìgbà tí omi gbígbóná ta sí èèyàn lára.

Mo pe ẹni tó tà á. "Bọ̀dá, òdòdó yẹn mà ń kú lọ o." Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Àǹtí, omi ni ò tó o. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún bomi rin ín lálẹ́." Mo gbà á gbọ́. Mò ń bu igbá omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ilẹ̀ pupa yẹn sì ń gbà á, ó ń fà á mọ́ra, kò jẹ́ kó kọjá. Lókè ó gbẹ, mo rò pé òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́. Nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni.

Àárín oṣù kìn-ín-ní ni mo ṣàkíyèsí pé ìdí rẹ̀ ti di àwọ̀ búráùn. Mo fi ìka kàn án, ìka mi wọlé. Ó ń rùn bí omikan tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo fà á sókè, èèpo ara gbòǹgbò rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku okùn tínrín tínrín nínú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Winnipeg, ní Kánádà, ní irú rẹ̀. Òun ni mo pè. Òtútù ti bá tirẹ̀ jà rí: ó gbé e sí ojú fèrèsé, ewé kan gíláàsì lóru ọjọ́ tí yìnyín mú gidi. Ó ní ibi tó kan gíláàsì ń dán, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí òdìkejì rẹ̀, bí àlùbọ́sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú òróró gbígbóná. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Kò gé e. Ó dá omi rẹ̀ dúró, ó fi í sílẹ̀ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí ibi tó kú ti gbẹ tó sì ti yàtọ̀ sí ibi tó yè ló tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ìdí rẹ̀ tún hù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bomi sí i mọ́, ẹ má sì kánjú gé e." Bó ṣe wí nìyẹn.

Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlú tirẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò fi kánjú yẹn, ìjẹrà gun ewé méjì sí i láti ìdí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní òdòdó yìí ní ìlú wa mọ̀ nìyí. Òdòdó yìí kì í fẹ́ kí òtútù lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C, Ìlọrin kì í sì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ wa kì í fi òtútù pa á, gbígbẹ ló fi ń bá a jà, èyí tó hunjọ lásán á sì tún wú padà tó bá rí omi díẹ̀ àti ibòòji. Omi tí a fi ìpayà dà sí i ló ń pa á. Fi ìka méjì mú ewé rẹ̀ kí o rọra tẹ̀ ẹ́. Tó bá rọ̀ bí awọ bàtà àtijọ́ tí kò sì ní omi nínú, òùngbẹ ni, má gé nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé ìka rẹ ń wọlé, tí omi ń yọ, tó sì ń rùn, ìjẹrà ni, gé e lónìí, má dúró de ọ̀la.

Mo gé e. Bíléèdì tuntun ni mo lò, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàrin ewé kan sí èkejì. Mò ń gé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí àárín rẹ̀ fi mọ́, tí kò sí ilà búráùn kankan níbẹ̀. Ewé méje ló ṣẹ́ kù, àti kùkùté kan tí gbòǹgbò mẹ́ta péré yè lára rẹ̀. Mo tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn níbi tí oòrùn kò dé kí ojú ibi tí mo gé lè gbẹ. Ẹni tó bá gbìn ín lọ́jọ́ tó gé e, ńṣe ló tún ń pe ìjẹrà padà. Ọjọ́ mẹ́wàá tó, ọyẹ́ sì ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ torí ó tètè gbẹ, ó yi bí èépá ojú egbò.

Ibi tí wàhálà ti wá ni ìkòkò. Mo ti pinnu pé mi ò lo ọ̀rá mọ́, mi ò sì lo ike. Ìkòkò amọ̀ ni mo fẹ́, torí ara rẹ̀ ń mí, omi kì í dúró sínú rẹ̀ pẹ́. Mo lọ sí ọjà Ìpàtà, mo ra mẹ́ta ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dára, wọ́n dún gbọngan nígbà tí mo fi ìka kàn wọ́n. Àmọ́ ìkòkò ọbẹ̀ àti ìkòkò omi ni wọ́n ń mọ, kò sì sí ẹni tó ń lu ihò sí ìdí ìkòkò omi.

Èkíní, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àpò, mo gbé ìṣó lé ìdí rẹ̀, mo fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́. Ìgbà kẹta tí mo lù ú, ó pín sí méjì. Èkejì, ẹnì kan ní kí n kọ́kọ́ rì í sínú omi mọ́jú kí ó lè rọ̀. Mo rì í. Mo gbé e lọ bá káfíńtà kan ládùúgbò kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ lu ihò sí i. Ihò náà yọ lóòótọ́, ó mọ́ roboto, inú mi dùn. Káfíńtà ní kí òun tún fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó fọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, mo sì san án. Ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ ara mi yí imú ìṣó sí i fún nǹkan bí wákàtí méjì, láìlu òòlù rárá, àtàǹpàkò mi bó. Ó yọ! Mo kó ilẹ̀ sí i, mo bomi sí i kí ilẹ̀ náà lè jókòó, mo gbé e sókè. Ó sán láti ihò yẹn dé etí, ilẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta ti ń lọ, ewé méje yẹn ṣì wà lórí ìwé ìròyìn, wọ́n ń tínrín sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Dada, ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Mo bá ìyá àgbàlagbà kan nídìí amọ̀. "Àsàlámù àlékùn, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́." Mo ní kó bá mi mọ ìkòkò tó ní ihò nídìí. Ó gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?" Mo ní òdòdó ni, tí omi bá dúró nídìí rẹ̀, ó ń jẹrà. Kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ amọ̀ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn mi. "Kí ló wá ṣe ajere?"

Mo yíjú. Wọ́n tò wọ́n sórí ara wọn, mẹ́fà tàbí méje, ihò yí gbogbo ara wọn ká. Ìyá mi ní ọ̀kan ní Òmù-Àrán. Nínú rẹ̀ ló ti ń sẹ́ irú, èmi ni mo máa ń da omi sí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, omi á máa gba gbogbo ihò yẹn jáde bí òjò. Ó wà níwájú mi ní gbogbo ìgbà èwe mi, mo wá ń fi ìṣó gún ìkòkò títí ọwọ́ mi fi bó.

Mo ra méjì ní ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sì tún bẹ ìyá náà kó bá mi mọ méjì mìíràn tó jẹ́ pé ìdí nìkan ló máa ní ihò. Ojú mi ni wọ́n ṣe ṣe é: ó mú igi ṣóńṣó kan, ó rì í sómi, ó tì í wọnú amọ̀ tútù yẹn, ó yí i, ó fà á jáde, ó fi ìka tẹ́ etí ihò náà kó má baà sán nínú iná. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo padà lọ gbà wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti sun wọ́n.

Ilẹ̀ tí mo lò kò le: èédú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́, èèpo àgbọn tí mo ya, yanrìn odò tó nípọn, àti ilẹ̀ dúdú díẹ̀. Èèpo àgbọn ni mo fi tẹ́ inú ajere kí ilẹ̀ má baà gba ojú ihò jò. Mi ò bomi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo rọra fà wọ́n tí wọ́n dì mú ilẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin wọ́n.

Márùn-ún nínú méje ló yè. Kùkùté onígbòǹgbò mẹ́ta yẹn ni ìwúrí mi. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ta ọ̀mùnú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ó sì rudi méjì. Ọ̀kan já bọ́ torí pé mo gbé ajere kúrò níbi tó wà. Ẹ má ṣe gbé e kúrò lójú kan tó bá ti rudi, ó burú gan-an. Èkejì là ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò síná, mo gbé fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mò ń wo bí àwọn ewé funfun yẹn ṣe ń sún sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń gbé lójú kejì ké láti fèrèsé pé irú tùràrí wo ni mò ń jó.

Ajere ń tètè gbẹ lásìkò ọyẹ́, ìyẹn ni àbùkù tó ní. Ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo fi àpò tútù wé ara wọn, mo sún wọn mọ́ ògiri níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ sí wọn tààrà, mo sì ń ti ìka bọ ilẹ̀ kí n tó bomi. Tí ìka bá gbẹ dé oríkèé kejì, mo bomi. Tí kò bá gbẹ dé ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀, kódà kí ewé hunjọ díẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jẹrà.

Mo mú ewé kan lọ fún ìyá Dada. Ó gbìn ín sínú ajere kan tó sán létí, ó gbé e sí ibòòji lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń po amọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ó ti yọ ọ̀mùnú kan, orí rẹ̀ pọ́n, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù.