Ọ̀rọ̀ Àga àti Tábìlì: Bí A Ṣe Dá Àwọn Ọmọ Padà sí Kíláàsì ní Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ ọdún 6 kan ni mo máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń dín àkàrà ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀, ní àsìkò tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Mo kọ́kọ́ rò pé ara ọmọ náà ni kò yá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ṣì ń bá a níbẹ̀, mo bèèrè. Màmá náà kò gbé ojú kúrò nínú epo gbígbóná kí wọ́n tó dá mi lóhùn pé: "Wọ́n ní kó mú àga àti tábìlì wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí owó ẹ̀wà ná." Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni o, kì í ṣe ti aládàáni.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwa ará àdúgbò dá sílẹ̀ láti máa gbẹnu sọ fún àwọn ọmọdé àti fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní àyíká wa. A kò ju ẹni 9 lọ: olùkọ́ 2 tó ti fẹ̀yìntì, aránṣọ kan, awakọ̀ kan, àwọn tó ń tajà, àti èmi tí mo ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ la máa ń kọ sí ìjọba, lẹ́tà tó kún fún "ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú wa", tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fèsì sí. Èmi gan-an ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé wọn kò wúlò. Kò sí iye ohunkóhun nínú wọn.

Kíkà ni a fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan, mo fa ìlà sí i: agboolé, iye ọmọ tó ti tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ, èyí tó ń lọ, èyí tí kò lọ, àti ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí bá ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn aláàtẹ bá ti palẹ̀ mọ́, la máa ń jáde ní méjì-méjì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dára. Àwọn kan rò pé owó-orí la wá gbà, àwọn mìíràn rò pé olóṣèlú ló rán wa, ìyá kan sì sọ fún wa pé gbogbo ọmọ òun ló ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí méjì nínú wọn ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ kejì, a kọ́kọ́ lọ kí baálé agboolé kọ̀ọ̀kan, a jókòó, a ro ẹjọ́ wa, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọmọ ilé kan tẹ̀lé wa. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Ọ̀sẹ̀ 3 ni iṣẹ́ yìí gbà wá. Ọmọ 23 ni kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá ní àyíká tí a kà. Èmi ti rò pé ọjà kíkiri ni yóò pọ̀ jù nínú ìdí, ṣùgbọ́n àga àti tábìlì ni òbí ọmọ 14 nínú wọn dárúkọ. Orúkọ àwọn ọmọ kò jáde nínú ìwé yẹn títí di òní. Iye wọn nìkan la máa ń kọ sínú lẹ́tà, nítorí kò yẹ kí a máa gbé ìtìjú òbí ká ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn náà ni a lọ wo ohun tí òfin sọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà wa ló rán wa létí òfin UBE ti ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Mo wá a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, a sì jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Abala 2 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama di ọ̀fẹ́ àti dandan. Abala 3 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá pèsè ní ìpele wọ̀nyí, pé ẹni tó bá gba owó lòdì sí èyí lè san owó ìtanràn tí kò ju 10,000 náírà lọ tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n abala 15, níbi tí òfin ti ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó lò, ni ojú wa ti là. Níbẹ̀ ni wọ́n ti to àwọn ohun ọ̀fẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ohun tí màmá alákàrà ń wá owó rẹ̀ wà nínú òfin láti bí ogún ọdún.

A pinnu láti kọ abala mẹ́ta yìí ní Yorùbá kí a lè kà á sétí àwọn òbí. Mo kọ́kọ́ pe "furniture" tó wà níbẹ̀ ní "ohun èlò inú ilé". Aránṣọ wa ní bí òun bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, àga tìmùtìmù ni yóò wá sí òun lọ́kàn. Òótọ́ ni. A yí i sí "àga àti tábìlì tí ọmọ fi ń kàwé". Nígbà tí ẹnì kan bèèrè ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí Yorùbá, alága wa rán an létí pé ní ìlú yìí kan náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Bí ó bá yé ọmọdé, yóò yé òbí.

Awakọ̀ wa fẹ́ kí a gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ pẹ̀lú abala 3. Èmi kò fara mọ́ ọn, inú mi sì dùn pé ohùn mi borí, nítorí nígbà tí èmi àti alága lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n mú wa wọ kíláàsì kìíní. Ọmọ 61 ló wà níbẹ̀. Tábìlì 11 ni ó dúró, méjì-méjì ni ó sì yẹ kí ọmọ jókòó sí wọn. Àwọn tó kù jókòó sí orí sìmẹ́ǹtì, ìwé wọn wà lórí itan. "Ẹ bá mi sọ ibi tí màá gbé èyí tó ń bọ̀ lọ́la sí," ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Àṣìṣe ni kí a dá ọmọ padà sílé. Mo sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn, tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan tó wọ àpò wọn.

Mo wá kọ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí kò ní "ẹ ṣàánú wa" kankan nínú. Mo gbé e ka orí òfin FOI ti ọdún 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, tó sì fún ilé-iṣẹ́ tí a kọ ọ́ sí ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ìbéèrè 2 péré ni mo bi wọ́n: àga àti tábìlì mélòó ni wọ́n kó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí láàárín ọdún 3 tó kọjá, kí sì ni wọ́n fi ń mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó nílò rẹ̀? Mo tẹ ẹ̀dà 2, mo sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fi òǹtẹ̀ yẹn ṣeré. Nígbà tí ọjọ́ 7 pé tí mo padà lọ, akọ̀wé kan ní òun kò rí lẹ́tà kankan. Mo fi òǹtẹ̀ hàn án, ó sì rí fáìlì náà kí n tó mu omi inú ọ̀rá tí mo gbé dání tán.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni èsì tó dé. Wọn kò kó àga kankan wá, nítorí fọ́ọ̀mù tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ròyìn ara rẹ̀ lọ́dọọdún sọ pé àga wọn pé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn gbá orí mú nígbà tí mo ka èyí fún wọn. Iye tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n bá lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, wọ́n sì ń da á kọ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 30 tábìlì tó ti ṣẹ́ tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, tí òjò ń pa. Nínú ìwé ìjọba, odidi ni gbogbo wọn. Mo gbà pé kò sí ẹni tó ṣe èyí láti ṣèkà. Síbẹ̀, òun ló lé ọmọ 14 sílé.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ wá pín sí méjì. A bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ SBMC, ìyẹn àwọn òbí, olùkọ́ àti ará àdúgbò tó ń bá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àbójútó, ka gbogbo àga tó dúró, kíláàsì sí kíláàsì, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tuntun, a sì fi ìwé ìṣirò tiwa tì í lẹ́yìn lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tó ti ṣẹ́ ńkọ́? Káfíńtà 2 ní àdúgbò gbà láti tún wọn ṣe bí a bá lè wá pákó àti ìṣó. Mọ́ṣáláṣí kan fún wa lówó pákó, ìjọ kan sanwó ìṣó àti gọ́ọ̀mù, mo sì lẹ iye tí a gbà àti iye tí a ná mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Tábìlì 26 ló jí dìde. Ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́jọ àkọ́kọ́ ga jù fún ọmọ kíláàsì kìíní, àgbọ̀n wọn ló ń kan pákó. Àfi ìgbà tí a gé ínǹṣì 2 kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí a ti fi ọmọ kan wọ̀n ọ́n kí a tó kan èyíkéyìí.

Ọmọ 11 nínú 14 ti padà, ti ìyá alákàrà wà lára wọn. Ọ̀kan ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọ́fíìsì náà ti kọ̀wé pé àwọn ti fi ilé-ẹ̀kọ́ wa sí ara àwọn tí yóò gba àga nígbà tí òmíràn bá dé. Mo ti kọ déètì tí a ó padà lọ bèèrè sí ẹ̀yìn ìwé náà. Àwọn 2 tó kù wà ní agboolé kan náà, bàbá wọn sì ní àga kọ́ ni ìṣòro mọ́, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Aránṣọ wa ti lọ wọn àwọn ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ àná.